Ìwádìí Ọkọ Sàfúrà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Òfófó kan ti pẹ́ lẹ́nu mi, ó ti ń yún mi láhọ́n. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Àmọ́ ìyàwó tí mò ń wí yẹn, odídẹrẹ́ ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ní 1992 yẹn, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó ni mò ń gbé, mo háyà yàrá nílé Àláájà Hàwáwù, mo sì ń ta mílíìkì àti súgà l'Ókè Àrin. Àláájà ní odídẹrẹ́ kan, Sàfúrà. Ìyá wọn ló tọ́ ọ dàgbà kí màmá yẹn tó kú. Nígbà tí akọ tó wà lọ́dọ̀ Sàfúrà náà wá kú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara ẹ̀ fa ìyẹ́ ara ẹ̀ tu. Àyà ẹ̀ wá dà bíi ti adìẹ tí wọ́n ti rì bọ omi gbígbóná.

"Ìyá Ìbùkún," Àláájà wí fún mi, "ẹyẹ yìí ń kú lọ lójú mi. Nínú gbogbo ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀, òun nìkan ló ṣì ń mí."

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi, Kọ́lápọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹranko kan n'Íbàdàn. Ó dé, ó wò ó, ó ní ọkọ ló ń wá, àti pé akọ kan wà lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ gbọ́, àwọn ọgbà ẹranko yìí, tibí o, t'òkè ọya o, t'òkè òkun o, wọ́n máa ń sọ ti ẹranko wọn fún ara wọn ni: ta ló bí èyí, kí ló ń jẹ, àìsàn wo ló ti ṣe é. Odídẹrẹ́ ń tán nínú igbó, àwọn tó ń kó wọn tà ò jẹ́ kí wọ́n simi. Wọ́n fẹ́ kí èyí tó wà lọ́wọ́ èèyàn máa bímọ, kí wọ́n lè fi tinú igbó sílẹ̀.

"Àmọ́ màmá," Kọ́lápọ̀ wí, "ẹ máa sọ ìyá ẹ̀ fún wa, ẹ máa sọ àwọn tí wọ́n jọ jáde nínú ẹyin, àti iye tí wọ́n jẹ́."

Àláájà wò ó láti òkè délẹ̀. "Iye? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ."

Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ̀. Ó padà s'Íbàdàn lọ́wọ́ òfo.

Èmi ò gbà o. Mo ti pinnu pé ẹyẹ yẹn ò ní kú nílé tí mò ń gbé. Lọ́jọ́ kejì, mo bá Àláájà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Àláájà, nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn wá fẹ́ Taslimah ọmọ yín, kí lẹ ṣe?"

"Mo lọ ìlú wọn. Mo bi aládùúgbò wọn, mo bi ẹni tó ń pọnmi fún wọn."

"Nítorí kí ni?"

"Kí n má lọ fọmọ mi f'ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ìwádìí nìyẹn. Ìwọ ò ṣe tìẹ lo fi kó sọ́wọ́ Bàbá Ìbùkún."

"Ó dáa. Ìwádìí yẹn náà ni Kọ́lápọ̀ wá ṣe."

Ọwọ́ wọn dúró nínú àtẹ. "Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ju òkúta ẹ̀wà kan nù. "Kó padà wá. Màá sọ ìdílé. N ò ní sọ iye."

Ni Kọ́lápọ̀ bá tún dé, ó gbé rẹ́kọ́dà dání. Ó ti gba ohùn akọ yẹn sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ mọ̀ bóyá Sàfúrà á dá a lóhùn. Mọ̀núrù, káfíńtà ìsàlẹ̀ ilé wa, gòkè wá wòran. Kọ́lápọ̀ tẹ̀ ẹ́. Akọ náà súfèé, ó ṣe bí ajá tó ń gbó, ó wá fi ohùn màmá àgbà kan sọ̀rọ̀: "Sùlè, kó aṣọ wọlé. Òjò ń bọ̀. Sùlè ọ̀lẹ."

Sàfúrà ta gìrì. Ẹyẹ tí kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí akọ ẹ̀ kú, ó na ọrùn, ó ní, "Sùlè ọ̀lẹ," ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí igi.

Mọ̀núrù pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó ti gbà o."

Àláájà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ohùn ìyá mi nìyẹn. Sùlè tó ń pè, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kọ́lápọ̀, níbo lẹ ti rí ẹyẹ yìí?"

"Lọ́yà kan ló fún wa, màmá, nígbà tó ń kó lọ òkè òkun."

"Mo mọ lọ́yà yẹn, ó gbé yàrá tí Ìyá Ìbùkún ń gbé yìí rí. Nígbà tó ń kó lọ s'Íbàdàn, ìyá mi fún un lẹ́yẹ kan. Ìyá kan náà ló bí ẹyẹ yẹn àti Sàfúrà, bàbá kan náà."

Sàfúrà ṣì ń jó lọ.

"Àláájà, ẹyẹ mà ni," Mọ̀núrù wí. "Lèmọ́mù wo ló fẹ́ so yìgì fún wọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe fàájì wọn."

Ẹ má parọ́ fún mi, ẹ̀yin náà ì bá gbè é. Èmi pàápàá wo àyà ẹyẹ yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n gbè é. Kọ́lápọ̀ ló rọra sọ̀rọ̀: "Ọmọ wọn lè má lágbára. Ọgbà mìíràn la sì máa kó àwọn ọmọ yẹn fún, ohun tá a bá sọ ni wọ́n máa gbà. Tá a bá parọ́ níbí, irọ́ yẹn á máa bímọ lọ ní ìlú tí a ò dé."

Àláájà dìde. "Pa rẹ́kọ́dà yẹn."

Ó pa á. Sàfúrà pe akọ inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tún pè é.

"Sọ fún gbogbo wọn," Àláájà wí. "Sọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni. Kí wọ́n wá ẹni tí kì í ṣe ìbátan wa."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le o. Sàfúrà wá fa ìyẹ́ ẹ̀yìn náà tu. Àláájà ń fi ọwọ́ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní kí Kọ́lápọ̀ jẹ́ ká máa fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn tù ú nínú, Àláájà kọ̀. "Ṣé kí n máa fi ohùn ẹni tí kò ní í dé tàn án?"

Ìgbà tó yá, ọgbà kan l'ókè ọya gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, wọ́n ní àwọn ní akọ kan, igbó ibòmíràn ni wọ́n ti mú un. Wọ́n gbé e wá s'Íbàdàn. Àláájà wọ aṣọ tó dáa, wọ́n fọwọ́ ara wọn fa Sàfúrà fún ilé ọkọ. Akọ náà ní, "Sannu." Sàfúrà kẹ̀yìn sí i.

"Ó ti parí," Mọ̀núrù tó bá wa gbé ilé ẹyẹ wí. "Ọkọ ń sọ Haúsá, ìyàwó ń bú Sùlè."

Àmọ́ nígbà tá a tún lọ, ìyẹ́ tuntun ti ń hù láyà ẹ̀, ó fara ti akọ yẹn. Kọ́lápọ̀ ní ó ti yé ẹyin. Ó fẹ́ sọ iye, Àláájà fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Sọ fún àwọn ọgbà yòókù. Má sọ fún mi."

Ẹ̀yin ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ dá ohùn màmá yẹn mọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí Sàfúrà ń jó níwájú yín báyẹn, ṣé ẹ máa sọ̀rọ̀, àbí ẹ máa panu mọ́?