Omi Ṣúgà Àbúrò Wẹ́dà

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, àmọ́ ìkúùkù ni Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin mọ́ irin, fi ń bu tirẹ̀. Bí inú bá bí i, ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé, ẹnu á máa bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo ẹbí bẹ̀ ẹ́ pé kó má wulẹ̀ dúró ti àbúrò rẹ̀ ní ọsibítù. Kò gbà. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún un nìyí, àtọ̀gbẹ sì ti ba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gé wọn.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ikọ̀ tó ń tọ́jú alátọ̀gbẹ. Ó fi omi kọ́ sókè, ó so rọ́bà rẹ̀ mọ́ ọwọ́ aláìsàn, ó sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ní rọ́bà tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló wà nínú omi yìí?"

"Ṣúgà ni, ẹ̀gbọ́n. Oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ. Wọn ò tíì lè jẹun, ìyẹn la ṣe ń fún wọn ní méjèèjì pọ̀…"

Wẹ́dà ò gbọ́ kọjá ṣúgà. Ohun tó ń pa ọmọ ìyá òun ni wọ́n tún ń dà sí i lára?

"Ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ó ti gbá obìnrin náà lẹ́nu kó tó sọ ọ́ tán. Eyín kan jábọ́. Ó wọ́ ọ jù síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi bẹ́ẹ̀dì kejì dí i, ó sì já rọ́bà omi ṣúgà. Ẹ̀rọ ni kò fọwọ́ kàn, oògùn ṣáà ni tiẹ̀.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!" Nọ́ọ̀sì ń lu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á! Oògùn yẹn á fa ṣúgà ara wọn gbẹ!"

"Ẹni bá wọlé, màá fọ́ orí ẹ̀!"

Àwọn gáàdì fi èjìká gbá ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Kò pé wákàtí kan tí àbúrò rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ń sọ̀rọ̀ kátikàti, ó bu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni gìrì mú un. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ìka rẹ̀ ń lu irin bẹ́ẹ̀dì gbà-gbà, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Wẹ́dà tó ń fọwọ́ tẹ irin ò lè dì í mú. Ẹ̀rù bà á dénú egungun. Òun fúnra rẹ̀ ló fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú àwọn gáàdì. Kò wo Wẹ́dà. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì ti ṣúgà sínú iṣan aláìsàn.

Nígbà tó yá, àbúrò Wẹ́dà lajú. Ó rí ẹnu nọ́ọ̀sì tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló lu nọ́ọ̀sì yìí? Ẹ bá mi fọ́ onítọ̀hún létí."

Wẹ́dà gbọ́wọ́ sókè, ó ń gbá ara rẹ̀ létí, ó ń gbá a, títí àwọn gáàdì fi dì í lọ́wọ́ mú.