Ilẹ̀kùn Apá Òsì

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì ní torí ẹnikẹ́ni parọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ bàbá mi ni, a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Iṣẹ́ ló tún wá kó wa pọ̀ sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan: òun ń ya ọkọ̀ sórí ìwé, èmi ń fi amọ̀ mọ ọkọ̀. Ẹlẹ́nu-Oyin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí ó lè fẹnu ta páálí òfìfo fún olówó.

Ọkọ̀ tí à ń ṣe kì í ṣe ọkọ̀ títà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sì lè rìn dé ẹnu géètì. A ń ṣe é kí àwọn ọ̀gá lè fi han aráyé pé bí ọkọ̀ ọjọ́ iwájú yóò ṣe rí nìyí. Amọ̀ la kọ́kọ́ fi ń mọ ọ́n, bó ṣe máa tóbi gan-an. Kí amọ̀ má baà ṣòfò, ẹni méjì ló ń pín ọkọ̀ kan: èrò ẹnìkan lápá òsì, èrò ẹnìkejì lápá ọ̀tún, ìlà gbọọrọ láàárín láti imú dé ìdí. Àwọn ọ̀gá á wá mú apá kan. Ẹni tí wọn ò bá mú tiẹ̀ ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á dànù.

Lọ́dún yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la pín in. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ, òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Mo bi í pé ta ló máa lè wọ inú rẹ̀. Ó ní àwọn tára wọn yá ni.

Èmi, ilẹ̀kùn ni mo gbájú mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá wa ń gbé. Orúnkún wọn òsì ti kọ̀, kò ká mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń fi òróró wọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ yẹn wọlé bí ẹni ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Mo bá mú ilẹ̀ ọkọ̀ wálẹ̀, mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn fẹ̀ dáadáa, mo sì ṣe ìjókòó tó ń yí síta wá pàdé ẹni tó fẹ́ wọlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún Bàbá fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ aláìsàn ni mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, mo sáré délé. Amọ̀ ṣì wà ní èékánná mi. Mo ní, "Bàbá, mo ṣe ilẹ̀kùn kan torí ẹsẹ̀ yín." Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi. Lójú tiwọn, ẹ̀gbọ́n mi ló ní ọpọlọ, èmi kàn ń fi ẹrẹ̀ ṣeré ni. Ọlọ́pọlọ ọ̀hún ò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé mi láti ọdún méjì.

Àwọn ọ̀gá dé, wọ́n ní apá ọ̀tún ló wu àwọn, ṣùgbọ́n kí a gbé ilẹ̀kùn òsì sí i. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa kọ, torí orúkọ méjì kì í wà lára ọkọ̀ kan. Mo wò ó bóyá á la ẹnu. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo ha apá tèmi dànù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì gba ẹ̀yìn mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìkí mi kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ àfihàn, mo mú Bàbá lọ, mo fi wọ́n jókòó níwájú pátápátá. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹlẹ́nu-Oyin sọ̀rọ̀ títí, ó dórí ilẹ̀kùn, ó sì nawọ́ sí Bàbá.

"Bàbá mi nìyẹn. Torí orúnkún wọn ni mo ṣe ṣe ilẹ̀kùn yìí. Kò sọ́jọ́ tí mi ò kì í rò ó."

Àwọn tó wá wòran pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi. Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sókè, wọ́n dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Orúnkún wo ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ wọn. Ṣòkòtò bo méjèèjì dọ́gba. Ó wojú mi, mo gbójú kúrò.

"Ọ̀tún ni, Bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá kan orúnkún òsì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn náà. Ó ní ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dójú ti òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ kí bàbá rẹ̀. Kò lọ. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ọkọ̀ náà dòní.

Nígbà tí à ń lọ sílé, nídìí ọkọ̀ tí mo ń wà, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé.

"Ìwọ lo ṣe ilẹ̀kùn yẹn."

Mo ní èmi ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín, Bàbá. Ẹ ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi."