Omi Tí Kò Mi Ọkọ̀

Ní Òkìtìpupa, Leah àti Zulkifli jọ ń kọ ètò géèmù kan tí èèyàn á ti máa fi ọkọ̀ sáré lórí omi. Lọ́jọ́ kan, Zulkifli rí àfikún ètò kan tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń bá àwọn aṣegéèmù ṣe omi inú géèmù wọn, ó ní kí àwọn rà á.

Leah, ọmọ apẹja, wo fídíò tí òǹtàjà náà fi ń polówó rẹ̀. Ìgbì ń ru gùdù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí rẹ̀ dúró gbọn-in bí àga.

Ó yínmú. "Ẹni tó ṣe èyí ò wọkọ̀ rí. Bi í bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré."

Zulkifli kọ̀wé béèrè. Èsì tó dé ni pé kí wọ́n lọ ra fóònù ńlá.

"Ọ̀lẹ tún ni," Leah wí. "Iṣẹ́ tó sá fún ló fẹ́ tà fún wa."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Leah fi kọ ètò omi tirẹ̀. Kò dán tó ti òǹtàjà yẹn. Ó gbé géèmù náà sórí fóònù kékeré kan, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìgbì àkọ́kọ́ ti kọlu ọkọ̀ náà, ìyá rẹ̀ yára fara tẹ̀ sí òdìkejì, kí ọkọ̀ má baà dojú dé.

Zulkifli tó ń wò ó kò dárúkọ àfikún náà mọ́.