Bàtà Mi Dé Sàárè Baba Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fẹ̀yìn ti ààrò níbẹ̀ yẹn, kí ẹ gbọ́ bí bàtà mi ṣe rìnrìn-àjò tí èmi jókòó sílé.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wá ọkọ̀ tí yóò gbé mi dé òpin àríwá, níbi tí wọ́n sin baba mi sí lẹ́bàá ahéré ọdẹ rẹ̀. Ìgbà tó yá, èmi àti Ragnfrid, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, rí àyè nínú ọkọ̀ kékeré kan. Orin ni mo ń kọ káàkiri Longyearbyen, ìlú wa, bí ìyàwó tuntun!

Àárọ̀ Sunday tí a ó lọ, a dé ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe láti ayé àwọn awakùsà èédú. Eirik tó ń ṣamọ̀nà wa ní, "Ẹni tí bàtà rọ́bà rẹ̀ bá ń jò ò ní bá wa lọ o. Inú omi yìnyín la ó máa bọ́ sí."

Ragnfrid ní òun ń lọ tọ̀.

Mo mu kọfí mi tán, mo jáde. Bàtà mi ti lọ! Ti Ragnfrid ló wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ là bí ẹnu ẹja. Mo wọ̀ ọ́, mo sáré dé èbúté. Ọ̀rẹ́ mi ti wà lókè ọkọ̀.

"Ragnfrid! Bọ́ bàtà mi fún mi!"

"Bàtà wo? Gbogbo bàtà dúdú ló jọra wọn, Aslaug."

"Orúkọ mi wà nínú rẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ mi ò mọ̀wé kà."

Eirik wo ìsàlẹ̀ bàtà mi, ó mirí. "Ẹ má bínú, Mama. N ò lè dá ẹjọ́ bàtà, ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí."

Ṣọ́ọ̀bù kankan ò sì tíì ṣí. Ọkọ̀ lọ. Mo dúró, mo kọrin tẹ̀lé e:

Bàtà lọ sókun, bàtà lọ o,
Ẹsẹ̀ tó ni í ò kúrò nílé.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo se ọbẹ̀ ẹja pẹ̀lú ànàmọ́, mo pe àdúgbò. Ragnfrid náà wá, kò tijú, ó bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo dé sàárè baba rẹ," ló wí. "Mo bá ọ kí wọn."

"Bàtà ta lo fi dúró níbẹ̀?"

Ó tẹ́rí sínú àwo. Mo bu ọbẹ̀ kún un fún un, n kì í febi pa àlejò. Ṣùgbọ́n mo yọ́ lọ gbé bàtà mi sábẹ́ ibùsùn. Amọ̀ aláwọ̀ eérú lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀ sàárè baba mi ni. Títí dòní n ò tíì fọ̀ ọ́.

Nígbà tí kálukú ń lọ, Ragnfrid ń wá bàtà. Mo nawọ́ sí èyí tó là.

"Gbogbo bàtà dúdú ló jọra wọn, ọ̀rẹ́."

Òjò ń rọ̀. Gbogbo wọn yó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín relé. Òun náà yó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń dún ṣọ̀wọ̀-ṣọ̀wọ̀ lójú ọ̀nà.