Owó Tó Wà Lẹ́nu Màmá

A tẹ́ òkú màmá wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kọ ẹsẹ̀ wọn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi Númérì ló fi owó idẹ sí wọn lẹ́nu, èyí tí wọn yóò fún atukọ̀ tó ń gbé òkú sọdá odò sí ìlú àwọn òkú. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, omi bẹ̀rẹ̀ sí kán láti ètè wọn, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò Tíbérì.

Petílíà, ẹ̀gbọ́n màmá wa, dákẹ́ ẹkún. "Númérì, owó wo lo fi síbẹ̀?"

"Owó ni gbogbo owó, màmá."

"Mo ní ojú ta ló wà lára ẹ̀?"

Èmi ni mo la ẹnu màmá wa. Owó náà tutù bí ẹja. Owó Késárì, olú-ọba tí àwọn ọmọ ogun pa lóṣù tó kọjá ni. Àṣẹ ti jáde pé kí a fá ojú rẹ̀ kúrò níbi gbogbo, Númérì sì ti fi irin ha ti ara owó yìí dànù níṣojú mi. Ṣùgbọ́n ojú náà ti padà wá, ó sì la ẹnu sílẹ̀.

"Inú odò ni wọ́n wọ́ òkú Késárì yìí jù sí," ni Petílíà wí. "Ta ló fi owó sí òun lẹ́nu? Ó dúró létí omi níbẹ̀, ó dí màmá yín lọ́nà."

"Ẹ jẹ́ ká fún un ní tiẹ̀," ni mo wí.

Númérì rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Lọ bu ọlá fún ọ̀tá ìlú. Tí wọ́n bá pa ọ́, a ò tiẹ̀ ní rí orí tìẹ tẹ́."

Mo mú owó méjì tó ní ojú Késárì tuntun. Mo fi ọ̀kan sí màmá lẹ́nu. Mo fi èkejì sábẹ́ ahọ́n ara mi kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má bàa rí i, mo gba orí afárá odò náà lọ.

"Arẹwà, o ò kí èèyàn," ni ẹ̀ṣọ́ kan wí. "Àbí odi ni ọ́?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo na ọrùn sórí omi bí ẹni tó fẹ́ tutọ́, owó náà sì bọ́ lẹ́nu mi. N kò gbọ́ kó já sómi. Ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ afárá ni eyín tó pàdé eyín.

Nígbà tí mo délé, ètè màmá ti gbẹ, ó sì ti padé. Owó àtijọ́ náà dán bọ̀rọ́, kò sí ojú kankan lára rẹ̀. A gbé wọn jáde lọ sin.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá jẹ, idẹ ni mò ń tọ́ wò.