Fèrè Tí Kì Í Mí

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Dùùrù mú bàbá rẹ̀ lọ wo fíìmù kan ní ilé sinimá. Aago méjì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, àmọ́ láti aago mẹ́wàá ni bàbá ti múra tán, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dá òun dúró o.

Kò jẹ̀bi. Ogójì ọdún ló fi fọn fèrè idẹ nínú oríṣiríṣi ẹgbẹ́ olórin kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó dá a jókòó. Nígbà tí iṣẹ́ orin fíìmù yìí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Dùùrù nítorí pé ìdí dùùrù ló ti ń kọ gbogbo orin rẹ̀, ó bẹ bàbá kó wá fọn ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, èyí tó wà fún ibi tí ìyá kan ti ń dágbére fún ọmọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, torí bàbá ò lè fọn ju ìlà méjì lọ kó tó jókòó sinmi. Ní ìlà tó kẹ́yìn, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Ohùn fèrè gbọ̀n, ó rẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ti parí, ó tún wá gbéra. Àǹtí Dùùrù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni orin náà wà.

Nígbà tí ìyá inú fíìmù dé ibùdókọ̀, bàbá tọ́ ọmọ rẹ̀ lápá. "Ó ti tó."

Fèrè bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì gbọ́ ìlà kan tán tí wọ́n fi ṣáná sí bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ló gba gbogbo ilé kan. Bọ́ọ̀sì ń bú, òjò ń rọ̀ lu páànù, ìyá ń sunkún, ọkùnrin kan ń pe èrò. Abẹ́ gbogbo rẹ̀ ni fèrè wà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì.

"Ṣé ó ti tán ni?" bàbá béèrè.

"Ó ṣì ń lọ, Bàbá. Ariwo ló bò ó."

Bàbá mi orí. Wọ́n wo fíìmù náà tán, wọ́n padà sílé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ yàrá lọ, ó ní oorun ń kun òun.

Inú bí Àǹtí Dùùrù gidigidi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń gbálẹ̀ ò tíì parí tó fi dé ọ́fíìsì olùdarí fíìmù.

"Ọ̀gá, ṣé bọ́ọ̀sì ni mo kọ orin fún ni?"

Olùdarí rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó ná, Àǹtí."

"Mi ò jókòó."

"Tí fèrè bá ròkè jù, ta ló máa gbọ́ ohun tí ìyá yẹn ń sọ? Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni orin fíìmù máa ń wà. Ṣebí ẹ rí àwọn tó ń sunkún? Fèrè yín ló pa wọ́n lẹ́kún, wọn ò kàn mọ̀ ni."

Ohun tó tún wá dùn ún jù ni pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òun náà rí obìnrin kan tó ń nu ojú níwájú wọn.

"Àwo orin fíìmù náà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀," olùdarí ní. "Kò sí bọ́ọ̀sì nínú ìyẹn, kò sí òjò. Fèrè bàbá yín látòkèdélẹ̀, orúkọ wọn gàdàgbà lára páálí."

Àǹtí Dùùrù gbà, ó sì lọ sọ fún bàbá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Àwo dé. Bàbá jókòó ní pálọ̀, ó dijú. Fèrè jáde, ó mọ́ gaara. Ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta, kò dúró níbì kankan. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, ohùn ò gbọ̀n. Ó lọ tààrà bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà.

Bàbá lajú. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Irọ́. Ẹni yìí kì í mí." Ó gba páálí, ó rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. "Èmi tí mo ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé bálùwẹ̀! Ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ máa fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Àǹtí Dùùrù pe ọkùnrin tó to ohùn fíìmù náà pọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ọkùnrin náà ní. "Ọ̀gá ló ní kí n fọ̀ ọ́ mọ́. Mo yọ gbogbo èémí kúrò. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, kọ̀ǹpútà ló fọn ọ́n."

"O ò sì lè pè mí?"

Àǹtí Dùùrù pa fóònù, ó ní òun ń lọ bá olùdarí.

Bàbá ní àwọn jọ ń lọ ni. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì náà wà. Ó sinmi lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di òun mú.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá," olùdarí ní. "A kàn tún un ṣe díẹ̀ ni. Ẹni tó ra àwo ò fẹ́ máa gbọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Àǹtí Dùùrù lu tábìlì, ife omi ṣubú. "Tún kí ni ṣe? Nínú fíìmù ẹ bò wọ́n mọ́lẹ̀, nínú àwo ẹ lé wọn jáde! Níbo wá ni bàbá mi wà nínú iṣẹ́ yìí?"

"Fi í sílẹ̀, jẹ́ n sọ̀rọ̀," bàbá ní. Ó kọjú sí olùdarí. "Ti inú fíìmù, mo ti gbà. Ó kéré, àmọ́ èmi ni. Eléyìí kì í ṣe èmi. Yọ orúkọ mi kúrò, tàbí kí o dá èémí mi padà."

"Bàbá, wọ́n ti tẹ páálí jáde."

Àǹtí Dùùrù yọ ìwé àdéhùn nínú àpò, ó sì kà á sókè: wọn ò gbọ́dọ̀ yí orin kankan padà láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu olùdarí. Ó ka ìwé náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé fóònù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwo mìíràn jáde, pẹ̀lú èémí, pẹ̀lú ìlà tó gbọ̀n. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó dà bíi pé ara ẹni tó fọn fèrè náà ò yá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Olùdarí gbé iṣẹ́ orin fíìmù rẹ̀ tó tẹ̀ lé e fún ẹlòmíràn, kò sì gbé ìpè Àǹtí Dùùrù mọ́.

Bàbá ní kí ọmọ òun fi ìbínú náà sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó dá bàbá lóhùn pé òun á fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rẹ òun. Kò tíì rẹ̀ ẹ́.