Ògiri Tó Ń Ya Ohùn

Ìyá Tọ́lá, jókòó ná, má tíì gbé omi yẹn kaná. Àlá tí mo lá mọ́jú òní kò tíì kúrò lójú mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo wà, àmọ́ kò ní òrùlé. Wọ́n kun ògiri kan ní funfun, wọ́n ní bí èèyàn bá kọrin níwájú rẹ̀, ohùn onítọ̀hún á di àwòrán lójú ẹsẹ̀. Làwa ẹgbẹ́ akọrin bá tò síbẹ̀. Ohùn àwọn obìnrin di ẹyẹ lékèélékèé, ti àwọn ọkùnrin di odò. Àmọ́ ibì kan ṣófo láàárín, ó rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí, tòun ti fìlà akọrin mi.

Ọ̀gá akọrin pariwo pé, "Ta ló ń ba ògiri jẹ́?"

Èmi mà ni! Ṣebí o mọ̀ pé láti ọdún Àjíǹde ni ọ̀gá ti sọ pé ohùn mi ki jù, kí n kàn máa yanu báwọn yòókù bá ń kọrin. Mo sì ń yanu bí ẹja orí ilẹ̀.

Inú bí mi, mo kọrin. Erin ràbàtà ló jáde! Ó rọra mu omi nínú odò àwọn ọkùnrin, àwọn lékèélékèé sì bà lé e lẹ́yìn. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa iná tó ń tàn sára ògiri. Wọ́n paná, erin ò lọ.

Orin ni mo fi jí. Ọkọ mi ní ta ni mò ń bá jà.

Má bá mi wá ìtumọ̀ kankan o. Ìrọ̀lẹ́ òní la ní ìdánrawò orin. Kí ọ̀gá yáa ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì sílẹ̀. Erin ń bọ̀.